Ohùn Wúwo, Ẹrù Fúyẹ́

Ẹni ọdún 53 ni ọkùnrin kan tí ń ta gìtá béèsì ní Ìbàdàn nígbà tí dókítà kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo mọ́, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìkìlọ̀ náà kan oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Ìkómọ ní òwúrọ̀, ìgbéyàwó ní ọ̀sán, ilé ọtí kékeré ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì: ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ti ń wá, kò sì sí èyí tí ó lè lọ láìgbé ámpù dání. (Àwọn onímọ̀ èdè lè pè é ní ẹ̀rọ amóhùngbòòrò, ámpù ni àwọn tí ń rù ú ń pè é.) Tirẹ̀ jẹ́ àpótí onígi tí ó ju kílò 40 lọ. Ó ń sanwó fún ẹni tí ń bá a gbé e, ó sì ń sanwó àyè rẹ̀ nínú ọkọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ nìkan lè jẹ ìdajì ohun tí wọ́n fún un.

Kí ló dé tí kò fi gìtá náà sínú ẹ̀rọ tí akọrin ń lò? Ó ti gbìyànjú rẹ̀. Okùn tí ó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà kékeré tí wọ́n ṣe fún ohùn ènìyàn kò lè ti afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí béèsì bá sì pòórá, ẹsẹ̀ oníjó kò rí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́. Agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú àpàlà, kò sì sí ẹni tó bi í ní iye wáàtì rẹ̀ rí.

Hofmann, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ KLH sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1957, ló fi òfin ọ̀rọ̀ yìí lélẹ̀: àpótí kékeré, ohùn tó rẹlẹ̀, agbára iná díẹ̀, méjì péré lèèyàn lè rí gbà nínú mẹ́ta. Nígbà tí Ampeg gbé SVT jáde ní 1969, wáàtì 300 ni agbára rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan, láìka àpótí sípíkà, sì ju kílò 35 lọ. Lónìí, ámpù tí wọ́n ń pè ní Class D ń tan iná inú rẹ̀, ó sì ń pa á, ní ìgbà àìmọye láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìwọ̀nba iná ló ń ṣòfò di ooru. Wáàtì 500 lè wà nínú ohun tí kò tó kílò 3. Agbára iná ti di ohun tó fúyẹ́, òun ni wọ́n sì ń ná láti fi ra àpótí kékeré.

Ní ọjà Alábà ní Èkó, iye wáàtì ni òǹtajà kọ́kọ́ kà sí i létí. Ọ̀rọ̀ wáàtì kò sì tó bẹ́ẹ̀: ìlọ́po méjì rẹ̀ kò fi ju dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì 3 kún ohùn. Ọkùnrin náà ti gbé gìtá tirẹ̀ dání. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó má kan ògiri, torí ògiri a máa yá àpótí kékeré ní ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, torí òun ni yóò máa bá lóde àríyá. Ó wá ta okùn ìsàlẹ̀ kíkankíkan.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù mi ni?”

“Má bínú, ọmọ mi. Ohun tí mo fẹ́ rà ni mò ń gbọ́.”

Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni àtúnṣe. Ẹni tí ń tún rédíò ṣe ládùúgbò lè jó èyí àtijọ́ pọ̀. Bí èyí bá bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ó pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀. Síbẹ̀ ó rà á, pẹ̀lú àpótí oní-sípíkà kan, íǹṣì 12, tí kò tó kílò 15.

Onígángan ẹgbẹ́ wọn ní ohùn náà mọ́, ṣùgbọ́n kò gbá òun láyà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò bá a jiyàn. Ó kàn ń tètè dé òde ju àwọn yòókù lọ, kí ó lè gba igun ilé fún àpótí rẹ̀, níbi tí ògiri méjì yóò ti ràn án lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò ló gba ti àtijọ́. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e wọlé, wọn kò sì tíì gbé e kúrò lójú kan.