Kí Lo Lọ Ṣe Níbẹ̀?

"Ta ló kú níbẹ̀?"

Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tí mo sọ fún wọn pé mò ń lọ sí Zanzibar. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. "Ta ló wá ń gbéyàwó?" Kò sẹ́ni tó ń gbéyàwó. "Ọjà lo fẹ́ lọ kó nìyẹn." Mo ní rárá, ọmọ mi obìnrin tó wà ní London ló ní kí n wá sinmi lẹ́yìn ọdún 35 tí mo fi ṣe tíṣà; òun ló sanwó ọkọ̀ òfuurufú, òun ló sanwó hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀dì tó wà ní yàrá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, kò ṣe é sinmi lé ni.

Ẹ má fi ìyá mi rẹ́rìn-ín o. Àwa Yorùbá mọ ìrìn àjò. Kò sí ibi tí a kò ní dé bí òkú, ìyàwó tàbí èrè bá wà níbẹ̀. Èyí tó ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó ti lé ní 80 ọdún ni kí ènìyàn kó owó rẹpẹtẹ, kó lọ wo ilẹ̀ onílẹ̀, kó sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Èmi náà, kí n má purọ́, ojú ń tì mí díẹ̀ bí mo ṣe ń to aṣọ sínú àpótí. Mo gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú l'Ékòó dé Addis Ababa, èmi àti ọmọ mi pàdé níbẹ̀, a sì jọ gúnlẹ̀ sí Unguja. Unguja ni àwọn onílùú ń pe erékùṣù tí gbogbo ayé mọ̀ sí Zanzibar. Pemba, èkejì rẹ̀, wà lápá àríwá.

N kò gbọ́ èdè Swahili, àmọ́ láti ibùdókọ̀ òfuurufú ni etí mi ti ń ta. Awakọ̀ wa ní "wakati", mo ní wákàtí. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà, ó pè é ní Alhamisi, Alàmísì tí àwọn ààfáà àdúgbò wa ń pè. Sababu tirẹ̀ ni sábàbí tèmi. Lárúbáwá ló bí ìwọ̀nyí lọ́hùn-ún, òun náà ló bí wọn sílé wa. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù kò tilẹ̀ bá Lárúbáwá tan. Mo fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, ọmọbìnrin tó wá gba ẹrù mi ní, "Pole, mama, pole." Mo ti dáhùn kí n tó ronú: "O ṣé, ọmọ mi." Pẹ̀lẹ́ ló kúkú ń kí mi! Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ènìyàn rọra, "pole pole" ni wọ́n ń wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gẹ́lẹ́. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá o, àwọn onímọ̀ èdè á bú mi. Mo kàn mọ̀ pé láti ìgbà náà lọ ni ara ti tù mí níbẹ̀. Wọ́n tún ní ìkíni kan fún àgbà, "Shikamoo". Wọ́n ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé mo di ẹsẹ̀ yín mú. Àgbà á dáhùn pé "Marahaba". Èmi tí mo ti ń ráhùn láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọmọ ìwòyí kì í kúnlẹ̀ mọ́, orí mi wú.

Orí wíwú yẹn ló kó bá mi. Abúlé Matemwe, ní etí òkun ìlà oòrùn, ni a dé sí. Ọ̀gá ọlọ́kọ̀ ojú omi tí yóò gbé wa lọ wo ẹja ní Mnemba wá sọ àkókò fún mi nírọ̀lẹ́: "Saa mbili asubuhi." Mo ti kọ́ òǹkà wọn, mo mọ̀ pé mbili ni èjì. Asubuhi ńkọ́? Ta ni kò mọ àsùbáà? Aago méjì òru ni, àwọn apẹja kúkú ń tètè jí. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo jí ní aago kan ààbọ̀, mo wẹ̀, mo wé gèlè pẹlẹbẹ, mo fi ọmọ mi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pé n ó wá pè é bí ọkọ̀ bá dé, mo sì lọ jókòó sí etí òkun bí ẹni tí wọ́n lé nílé ọkọ.

Òkun kò sí níbẹ̀.

Mo ti rí òkun rí. Mo ti kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ sí Bar Beach kí wọ́n tó fi iyanrìn dí i, mo ti dé Àgbádárìgì. Òkun tiwa kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tọ̀sán-tòru ló ń hó. Eléyìí ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Òṣùpá tàn, iyanrìn funfun lọ títí, àwọn ọkọ̀ ìgbòkun dẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ bí ewúrẹ́ tó yó, mo sì ń gbọ́ ìró omi láti ọ̀nà jíjìn, níbi àpáta iyùn tó yí etíkun ibẹ̀ ká. Mo jókòó níbẹ̀, ẹnu ò lè sọ. Ọlọ́dẹ hòtẹ́ẹ̀lì ló wá bá mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó rò pé nǹkan ṣe mí. Nígbà tí mo sọ pé ọkọ̀ saa mbili ni mò ń dúró dè, ó kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín àgbàlagbà. Ó wá ṣàlàyé: lọ́dọ̀ wọn, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka aago. Aago méje àárọ̀ wa ni ọ̀kan tiwọn. Mbili ni aago mẹ́jọ. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí àsìkò yíyọ padà níbẹ̀ láti oṣù dé oṣù, nítorí náà òǹkà wọn kì í yẹ̀. Ó gbé àga fún mi, ó ní "Pole, mama." Bí mo ti ń ronú sí i ni mo ń rí i pé àwọn ló gbọ́n. Kí ló dé tí àwa ń ka wákàtí láti ọ̀gànjọ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sùn?

Ní saa mbili tòótọ́, omi ti padà, ó kún dé ẹsẹ̀ àgbọn, bí ẹni pé kò lọ síbì kankan. A wọ ọkọ̀. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, èmi kò sì lè lúwẹ̀ẹ́ nínú odò kékeré, ká má tíì sọ òkun. Wọ́n wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì fún mi, wọ́n fi awò onírọ́bà bo ojú àti imú mi, wọ́n ki páìpù sí mi lẹ́nu. Ọmọ mi ti bẹ́ sómi, ó ń pariwo pé, "Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù, ẹ ṣáà wolẹ̀!" Mo di àkàsọ̀ ọkọ̀ mú, mo ka Sáàmù tó wá sí mi lọ́kàn, mo dojú bolẹ̀.

Ìró èémí ara mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí ẹni tó ń hanrun nínú páànù. Lẹ́yìn náà ni ojú mi là. Àpáta iyùn náà dà bí oko tí wọ́n gbìn sábẹ́ omi, àwọn kan rí bí ọpọlọ ẹran, àwọn kan bí ìwo àgbọ̀nrín. Ẹja kéékèèké onílà dúdú àti yẹ́lò ń kọjá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí ẹlẹ́gbẹ́jọdá tó ń lọ sí òde ìnáwó, kò sí èyí tó tilẹ̀ wò mí. Mo gbàgbé ẹ̀rù. Mo gbàgbé ọjọ́ orí mi. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo lò kí n tó gbórí sókè, mo sì rò pé èmi nìkan ni mo ń dá léfòó.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ọmọkùnrin kan tó bá ọlọ́kọ̀ ṣiṣẹ́ ti di okùn ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì mi mú láti ìgbà tí mo ti wọ omi. Ó ń gbọ̀n díẹ̀. Kò wo ẹja; ó ti rí wọn tó. Èmi ló ń wò.

Ọ̀sán ọjọ́ náà òkun tún fà. Àwọn obìnrin abúlé tú síta pẹ̀lú korobá àti ọ̀pá irin, wọ́n rin ìrìn tó pọ̀ lórí ilẹ̀ òkun tó gbẹ, láti lọ gún pweza, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ aláìléegun tó ń sá sínú ihò àpáta. Àwọn mìíràn ń tọ́jú ewé òkun tí wọ́n so mọ́ okùn láàárín èèkàn, bí ẹni gbin iṣu. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni òwò ewé yìí ti gbilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń sá a, wọ́n ń tà á sókè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ohun tó ń mú nǹkan ki nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ìfọyín, ìpara àti oúnjẹ inú agolo. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà, omi òkun tó túbọ̀ ń gbóná sì ń pa ẹ̀yà ewé tó lówó lórí jù. Àwọn àlejò dúró sí etí iyanrìn, wọ́n ń yà wọ́n ní fọ́tò. Èmi náà yà. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò ní ju ẹgbẹ́ mi lọ, dúró lọ́dọ̀ mi, ó sọ̀rọ̀, ọlọ́dẹ wa sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní iṣẹ́ wo lẹ wá ṣe níbí?" Mo ní ìsinmi ni. Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ká ìró sókè orúnkún, ó bá tirẹ̀ lọ.

A rìn kiri lẹ́yìn ìyẹn. Ní igbó Jozani a rí ẹdun pupa, ìbátan ẹdun tí a fi ń ki ìbejì, tí wọ́n ń jẹ èédú nítorí májèlé tó wà nínú ewé tí wọ́n ń jẹ. Ní erékùṣù Changuu a rí ìjàpá ràgàjì-ràgàjì, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọjọ́ orí sí lẹ́yìn. Mẹ́rin àkọ́kọ́ wá láti Seychelles ní 1919. N kò rí Yánníbo.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni oko èròjà ọbẹ̀. Wọ́n ń fún wa ní ewé kan, wọ́n ní kí a gbóòórùn rẹ̀ kí a sọ ohun tó jẹ́. Ata ilẹ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Ọmọkùnrin kan tó tẹ̀ lé wa wá gun igi gíga kan tí ewé rẹ̀ ń dán, ó já ṣìrì kan sílẹ̀ láti òkè. Mo gbé e sí imú. Ìyá ìyá mi ló dúró níwájú mi.

Kánáfùrù ni. Eyín ń dun ìyá àgbà títí wọ́n fi kú, etí ìró wọn kì í sì tán ní kánáfùrù tí wọ́n fi aṣọ dì. Bí wọ́n bá fà mí mọ́ra, òórùn rẹ̀ ni wọ́n ń run. Mo ti fi ṣe kúnnù láìmọye ìgbà, n kò bi ara mi rí pé kí ni gan-an: èso ni, àbí gbòǹgbò? Òdòdó tí kò tíì là ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ ká a nígbà tó bá pọ́n díẹ̀ lórí, kó tó la ojú, kí wọ́n tó sá a lórí ẹní títí yóò fi dúdú. Lárúbáwá ní qaranful, Hausa ní kanumfari, Swahili ní karafuu, àwa ní kánáfùrù.

Igi náà kì í ṣe ti Zanzibar. Láti erékùṣù Maluku ní Indonéṣíà ló ti wá, ó dé síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800. Sayyid Said, ọba Oman tó kó ààfin rẹ̀ wá sí Zanzibar, ló jẹ́ kí oko rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀, títí ibẹ̀ fi di ibi tí ọ̀pọ̀ jùlọ kánáfùrù ayé ti ń wá nígbà náà. Ẹrú ló ń ká a. Ọjọ́ kejì a lọ sí Ìlú Olókùúta, Stone Town, sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ọjà tí wọ́n ti ń ta ènìyàn. Ère ènìyàn 5 wà nínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọrùn wọn kì í ṣe àfarawé, ti ayé ìgbà náà ni. Láti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn ẹrú náà wá. Tiwa gba Àgbádárìgì àti Wìdà lọ sí ìhà kejì. Ní 1873 ni Sultan Barghash ti ọjà náà pa lábẹ́ ìhalẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n òfin kò dá ẹrú sílẹ̀ lóko títí di 1897. Ọdún 24 ni wọ́n fi ń ká kánáfùrù lẹ́yìn tí wọ́n ní kò sí ọjà mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà a jẹun ní ọgbà Forodhani, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja tí wọ́n sì ń fún omi ìrèké mọ́ ata ilẹ̀. Mo jẹ mandazi, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, mo sì jẹ ẹ́ ní àjẹtúnjẹ. N kò ní díbọ́n pé oúnjẹ kọ̀ mí.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, àpò kánáfùrù ni mo kọ́kọ́ gbé lé ìyá mi lọ́wọ́. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n fi eyín tó kù tẹ̀ ẹ́, wọ́n dijú. Wọ́n ní ó ta ju ti Bódìjà lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé òdòdó ni, orí igi ló ti ń wá.

"Ṣé igi náà ga?"

Mo ní ó ga.

"Ta ló wá ń gùn ún?"

Mo gbé fóònù, mo wá fọ́tò oko náà, mo fi ọmọkùnrin yẹn hàn wọ́n. Ìyá mi gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Abẹ́ igi ni mo ti yà á. Ewé ti bo orí àti èjìká rẹ̀. Atẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn.