Ọ̀nà Bompai Gba Kantin Kwari

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà ilé Ọlọ́run ni ó sì gbé èmi wọ Kantin Kwari; nítorí pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí ó jẹ́ Sísítà ìjọ Kátólíìkì, gbọ́ pé mo ń ti Ọ̀wọ̀ bọ̀ wá kí òun ní Kánò ti Dàbó, ó ránṣẹ́ pé kí n tó dé ilé àwọn ní Bompai, kí n bá àwọn ra ìgàn aṣọ funfun kan.

Ní ọjà yìí, àǹkárá, gínì àti léèsì ni a tò láti ilẹ̀ kan àjà, àwọn alábàrù sì ń ké kí a yà fún wọn. Àlájì tí mo bá nájà gé owó kúrò nígbà tí ó gbọ́ ilé tí aṣọ náà ń lọ, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn Sísítà ni ọmọbìnrin rẹ̀ ti kàwé.

Ẹgbẹ́ St. Louis ni tiwọn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1842, tí ó dé Monaghan ní Ireland ní 1859, tí ó dé Ọ̀wọ̀ tiwa ní 1948, tí ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kánò ní 1951. Mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi léèrè ẹni tí ó ń pàṣẹ láàárín wọn, nítorí ọba kì í pé méjì láàfin. Ó ní àwọn aṣojú ni ó ń pé jọ yan olórí àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fún iye ọdún kan pàtó. Èyí wọ̀ mí lákínyẹmí ara, nítorí mo mọ iye agboolé tí ìjà oyè ti tú ká.

Ní àwọn ilé kan ní Jámánì àtijọ́, ẹ̀jẹ̀ ọba ni ó ń ṣílẹ̀kùn irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 936, Olorì Mathilde, opó Ọba Henry, pẹ̀lú Otto ọmọ rẹ̀, dá ilé àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Quedlinburg lẹ́bàá ibojì ọkọ rẹ̀, ó sì ṣàkóso rẹ̀ fún 30 ọdún, títí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà fi di ìyá ilé ní 966. Òun ni Ọba Otto Kẹta fi ọjà lé lọ́wọ́ ní 994, pẹ̀lú àṣẹ láti rọ owó àti láti gba owó ibodè: Mathilde ọmọ ọba, ìyálọ́jà tí ń rọ owó! Orí oyè ni ó kú sí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ṣe olórí ilé rí. Nísinsìnyí, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní ìwé ni olórí, àṣẹ rẹ̀ ni ó sì ń tẹ̀ lé.