Ẹ̀wù Ara Irin Àlòkù

Ní Panteka, ní ìlú Kàdúná, irin kì í kú. Ohun tí ẹlòmíràn jù sí ààtàn ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ṣùgbọ́n irin àlòkù kì í wá ní ìhòòhò: òmíràn wọ ẹ̀wù ọ̀dà, òmíràn ti ìpáàrà, òmíràn sì ti síńkì, irú èyí tí ó wà lára páànù ilé.

Ọmọṣẹ́ kan fi ìkánjú ti páìpù omi àtijọ́ bọ iná, ó sì ń fi ẹwìrì finná kíkankíkan. Èéfín funfun bò ó lójú. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, òtútù mú un, ara rẹ̀ gbóná, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́.

Ó ní, "Baba, ibà ni."

Ọ̀gá rẹ̀ mi orí. "Kì í ṣe ibà ẹ̀fọn, ọmọ mi. Ẹ̀wù tí o bọ́ lára irin ni o gbé wọ àyà rẹ."

Òótọ́ ni. Bí ooru bá dé ìwọ̀n 907 ti Celsius, síńkì a hó, a sì di èéfín. Ooru iná àgbẹ̀dẹ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara ọmọ náà yá, baba rẹ àwọn páìpù yòókù sínú ọtí kíkan ní ìta gbangba, jìnnà sí iná, nítorí atẹ́gùn tí ń ti ibẹ̀ jáde a máa gbiná. Nígbà tí híhó rẹ̀ dákẹ́, síńkì ti tán. Wọ́n fi omi eérú fọ irin náà, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n sì fi epo pa á.

Ó gba ọjọ́ kan gbáko. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.