Ọjọ́ Kan Lórí Àpáta Olúmọ

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo mú wá lóṣù yìí, kì í sì í ṣe ìrìn-àjò òkè òkun. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ àwa tí a ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgó-Ìwòyè àti agbègbè wọn. Bí ènìyàn bá sì dé Àbígi, Ìbíadé tàbí Ìwọ́pin lápá etí omi, ilẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ọ̀sà. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè pé ọdún mẹ́wàá láìtíì dúró ní ibi gíga kan kí ó wo ìlú nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàápàá lè má ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, tí a lè lọ kí a sì bọ̀ lóòjọ́.

Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín yóò kọ́kọ́ wí: “Ta ni yóò wá ṣe oúnjẹ ọjọ́ Sátidé?” Ẹ se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ tún un gbé kaná láàárọ̀ kí ẹ tó jáde. Bàbá àwọn ọmọ kò ní ṣàìsàn bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ẹ̀bà lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin tí ó ń ti ilé ìdáná bọ́ sí ìsọ̀, tí ó sì ń ti ìsọ̀ padà sí ilé ìdáná láti January títí di December, ó ń ṣe làálàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sinmi, ojú rẹ̀ kò sì rí ohun tuntun. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, ẹ̀yin bíi mẹ́wàá ẹ dá àjọ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ fi háyà bọ́ọ̀sì kan.

Ẹ má jẹ́ kí Olúmọ jẹ́ ìrìn àkọ́rìn yín o. Ní Sátidé kan ṣáájú, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Òkè-Ẹ̀rí nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ lọ wo Ẹrẹdò tí a ń fi orúkọ Bílíkísù Súńgbọ́ pè. Yàrà àti odi amọ̀ ni, tí àwọn baba ńlá wa fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ẹ rìn létí rẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ń mí hẹlẹ níbẹ̀ yóò ti mọ irú ìmúra tí ó kù fún un.

Ọ̀nà Olúmọ kò lọ́jú. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgó-Ìwòyè yóò gba Orù já sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n tó kọjá sí Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta. Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí ẹ lè gun òkè kí oòrùn tó mú, nítorí àpáta a máa gba ooru sára bí agbada. Ẹ má lọ lásìkò tí òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́, nítorí òkúta tútù a máa yọ̀. Oṣù January náà kò wù mí, nítorí ọyẹ́ a máa bo ojú ọ̀run débi pé ẹni tí ó gùnkè kò ní rí nǹkan kan. Ìparí November ni mo fẹ́ jù.

Ìwé a máa sọ pé gíga Olúmọ jẹ́ 137 mítà. Ẹ má fòyà: láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti ẹnu géètì. Wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ nígbà àtúnṣe tí wọ́n parí ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà àtijọ́, tí ó gba àárín àpáta méjì kọjá ní híhá. Ibẹ̀ ni ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí wà, nígbà tí ogun lé wọn dé ibẹ̀ ní ọdún 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ tí ó jẹ́ olórí wọn. Àwọn amọ̀nà a máa fi ojú kòtò kéékèèké hàn wá lórí òkúta, pé ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ ohun jíjẹ. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ní ibi tí ènìyàn kò lè nàró dáadáa, àwọn ìyá kan ti wá ohun tí ọmọ wọn yóò jẹ níbẹ̀ lásìkò ogun. Ibi ìbọ wà ní àyíká àpáta náà pẹ̀lú. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Lókè, ẹ óò rí òrùlé páànù pupa rẹ́súrẹ́sú títí dé ibi tí ojú mọ, ẹ óò sì rí odò Ògùn. Ẹ ní kí amọ̀nà tọ́ka Àkè sí yín. Níwájú ààfin ibẹ̀ ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ti kọ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní January 1949. Ó padà ní ọdún 1950. Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọbìnrin yín níbẹ̀, kì í ṣe nílé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó máa sọ ìtàn, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú! Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, àgbàlagbà kan fún ọmọ kan ni. Ọmọ ọwọ́, ẹ fi ọ̀já pọ̀n ọ́n dáadáa kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ṣófo. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀yìn rìn nítorí fọ́tò. Ìró àti sílípáàsì kò yẹ òkè; bàtà kánfáàsì àti ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì tí ó gbòòrò ni kí ẹ wọ̀. Aláboyún, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS gbọ́dọ̀ rí dókítà ṣáájú. Ọmọ SS kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun, kò sì gbọdọ̀ ṣe àṣejù.

Ní ti oúnjẹ, mo ṣẹ́wọ́ sí mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì inú kúlà. Oúnjẹ sísè tí ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ ju wákàtí méjì lọ ti ń di ilé kòkòrò àrùn, ooru mọ́tò sì tún ń yá a. Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn kò ní yọ yín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan mú omi lítà kan, ó kéré tán. Ẹ kó èèpo padà sínú ọ̀rá. Bí ebi bá tún kù, ẹ jẹ láfún àti ewédú nínú ìlú. Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n sè.

Ìtòkú, ibi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, kò jìnnà sí ìdí àpáta. Ẹ béèrè àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tí ó tutù nu etí aṣọ náà kí ẹ tó sanwó. Ó lè yí áńkáṣíìfù náà padà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́ di búlúù pátápátá, ẹ dá a padà fún un. Ẹ kúrò ní Abẹ́òkúta kí aago mẹ́ta tó lù, kí ilẹ̀ má ṣú yín sọ́nà. Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi tútù àti iyọ̀ díẹ̀ fọ àdìrẹ náà lọ́tọ̀, kí ẹ sì sá a sí abẹ́ ibòji.