Ìbọn Tí Ó Wọ Àpò

Ọmọ ọdẹ ni ọkùnrin náà. Agbègbè Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí i, inú ilé tí ìbọn ṣakabùlà ti ń rọ̀ lára ògiri ni ó sì dàgbà sí. Kí ó tó mọ ìwé kà ni ó ti mọ òórùn ẹ̀tù. Nígbà tí ó di nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, kò rò pé òórùn náà yóò tún bá òun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mú un lọ sí pápá ìyìnbọn. Èéfín funfun bo gbogbo ibẹ̀, òórùn imí-ọjọ́ gba afẹ́fẹ́ kan, ọkàn rẹ̀ sì sáré lọ bá bàbá rẹ̀ nílé.

Ìbọn ìléwọ́ tí ó ní sìlíńdà oníyàrá mẹ́fà, èyí tí wọ́n ń pè ní rìfọ́fà, ni wọ́n ń yìn. Samuel Colt ni ó gba ìwé-àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1836. Nígbà ogun abẹ́lé wọn, láti 1861 sí 1865, ìhà méjèèjì ni ó lo ti Colt àti ti Remington. Lónìí, ilé iṣẹ́ Uberti àti Pietta ní ẹkùn Brescia, ní ilẹ̀ Ítálì, ṣì ń rọ àwòṣe wọn jáde lákọ̀tun. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń jẹ, bíi ti ṣakabùlà.

Ọkùnrin náà ra ọ̀kan tí a rọ ní àwòṣe Remington. Kíkì rẹ̀ kò ṣàjèjì sí i. Wọn a wọn ẹ̀tù sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, wọn a sì gbé ọta òjé roboto lé e. Ọta náà fi díẹ̀ tóbi ju ẹnu yàrá lọ. Bí ọ̀pá ìtẹ̀ bá ti ń tì í wọlé, etí òjé a gé kúrò bí òrùka tín-ín-rín. Wọn a fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀, kí iná yàrá kan má baà ràn mọ́ èkejì. Níkẹyìn ni wọn a fi fìlà bàbà kékeré, tí ìṣáná wà nínú rẹ̀, dé ẹ̀yìn yàrá. Ẹni tó bá gbọ́n kì í ki ju yàrá márùn-ún lọ nínú mẹ́fà. Èyí tó ṣófo ni òòlù ìbọn ń sùn lé. Bí wọ́n bá yìn ín tán, omi gbígbóná àti ọṣẹ ló kù, nítorí pé ìdọ̀tí ẹ̀tù a máa fa ọ̀rinrin, irin a sì tètè dógùn-ún. Bàbá rẹ̀ kì í jẹun alẹ́ láìkọ́kọ́ nu ìbọn.

Lẹ́yìn ọdún kan, ó gbé ìbọn náà lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn, ó ní kí ó gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Íǹṣì 8 ni ọ̀pá náà. Íǹṣì 3 ni ó fẹ́ kí ó kù. Ó rò pé ayùn lásán ni iṣẹ́ náà gbà, àfi ìgbà tí alágbẹ̀dẹ là á lóye. Irin kékeré tí a fi ń fojú sun nǹkan wà ní ẹnu ọ̀pá. Bí ẹnu bá lọ, òun náà lọ nìyẹn, a ó sì rọ òmíràn. Bí òmíràn náà bá kúrú jù, ọta yóò máa gba òkè ohun tí a fojú sùn kọjá. Ọ̀pá ìtẹ̀ tó wà lábẹ́ ni ó ń di irin tí sìlíńdà ń yí lé lórí mú. Bí a bá yọ ọ́, a gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, kí a sì máa yọ sìlíńdà jáde láti kì í lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀. Ẹnu tí a gé gbọ́dọ̀ dọ́gba yípo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọta yóò ṣìnà. Bí gbogbo èyí bá sì bọ́ sí i, ẹ̀tù kì í ráàyè jó tán nínú ọ̀pá kúkúrú: agbára ọta á dín kù, iná àti ariwo á pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe é. Iṣẹ́ náà dán, ìbọn náà sì wọ àpò kóòtù.

Òfin ni ó yà á lẹ́nu. Lábẹ́ òfin ìbọn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1968, èyí tí a rọ ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀, àti àwòṣe rẹ̀ tí kò lo ọta oníkòkò òde-òní, kì í ṣe ìbọn ní ìtumọ̀ òfin náà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin tiwọn tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ padà kí ó lè máa jẹ ọta oníkòkò, ààyè yẹn bọ́. Bí a bá gé e kúrú, kò bọ́.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin Ìbọn ti 1959 fi ṣakabùlà sí ọ̀wọ́ àwọn tí ọdẹ lè gba ìwé-àṣẹ fún. Ó kó rìfọ́fà àti ìbọn ìléwọ́ sí ọ̀wọ́ àwọn tí a kà léèwọ̀, kò sì yọ àwọn tó ń lo òkúta ìṣáná tàbí fìlà bàbà sílẹ̀. Ẹ̀tù kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí tó gùn ní ìwé-àṣẹ, èyí tó kúrú ní ẹ̀wọ̀n.

Nítorí náà, àwòrán ìbọn náà nìkan ni ó gbé wálé nígbà ọdún Kérésì. Ó ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé kì í ṣe ìbọn lójú òfin Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?” Ó tún wo àwòrán náà. “Ọ̀pá rẹ̀ yòókù dà?”

“Mo ní kí wọ́n gé e ni, Bàbá.”

“Ta ni o fẹ́ fi pamọ́ fún?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Eré ni mo fi ń ṣe.”

“Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n ẹran kì í wo àpò ọdẹ. Ènìyàn ní í wò ó.”

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ọdẹ tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká kò lè wọ ìlú láìjẹ́ pé gbogbo ojú rí i. Gígùn ìbọn rẹ̀ ni ó ń kéde rẹ̀. Ìbọn tó wọ àpò kì í kéde ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1865, John Wilkes Booth wọ ilé eré Ford's Theatre ní Washington pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ pélébé kan tí Henry Deringer rọ. Ẹ̀tù dúdú àti fìlà bàbà ni ó lò, ọta kan ṣoṣo ni ó ń jẹ, òun ni ó sì fi pa Ààrẹ Abraham Lincoln. Ní ilẹ̀ wa, irú ìbọn pélébé tí wọ́n ń rọ ní ìkọ̀kọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ń gbà lọ́wọ́ adigunjalè àti ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òfin ti kà á léèwọ̀ láti 1959, síbẹ̀ iná kò tíì kú ní ilé arọ́ tí wọ́n ti ń rọ ọ́. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ṣakabùlà ọdẹ nìkan ti gbójú fo èyí tí a kì í rí.

Ọkùnrin náà padà sí Texas. Ó ṣì ń yin ìbọn náà ní ọjọ́ Sátidé, ó sì ń fọ̀ ọ́ kí ó tó jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n kò fi í sí àpò mọ́. Inú àpótí onígi gígùn kan ni ó ń gbé e sí, ó sì ń gbé àpótí náà lọ́wọ́ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.