Ẹyin Tata Lẹ́yìnkùlé Wa

Ní Ìfira-Àkókó tí mo dàgbà sí, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tata ni àlejò tí kì í béèrè ọ̀nà. Kéékèèké dúdú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jáde, wọ́n á ṣùjọ sórí ewé kan ṣoṣo ní òwúrọ̀. Kí oṣù Kẹta tó dé, wọ́n á ti dàgbà, àwọ̀ ewé, ìyeyè àti dúdú á hàn lára wọn. Bí wọ́n bá jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán, èèpo igi rẹ̀ ló kàn.

Lójú ẹni tó ń ra gàrí lọ́jà, ọ̀rọ̀ kékeré lèyí. Nílé tiwa, ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi fi ń yan gàrí tà, owó rẹ̀ ni a sì fi ń rán àwọn àbúrò mi méjì ní ilé-ìwé. Ní ọdún tí tata jẹ oko náà kanlẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn aládùúgbò gbà wá nímọ̀ràn pé kí a ra oògùn apakòkòrò, kí a fọ́n ọn. Ìyá mi kọ̀. Kànga tí a ń mu kò jìnnà sí oko náà rárá. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọmọdé máa ń ṣa tata, wọ́n á fa ìyẹ́ àti ìfun rẹ̀ yọ, wọ́n á sì yan án jẹ. Ìyá mi béèrè pé, “Ta ni yóò sọ fún ọmọdé pé èyí ni a fọ́n oògùn sí, èyí ni a kò fọ́n ọn sí?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ìbéèrè yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa tata. Láti nǹkan bí oṣù Kẹta ni abo wọn máa ń yé sínú ilẹ̀. Wọn kì í yé káàkiri. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń péjọ síbi kan náà, lábẹ́ òjìji igbó tó dí. Wọ́n á ti ìdí bọ ilẹ̀, wọ́n á yé ẹyin sínú ohun kan tó ń hó bí ọṣẹ, tí yóò sì gbẹ mọ́ àwọn ẹyin náà lára. Ibẹ̀ ni ẹyin yóò wà ní gbogbo àsìkò òjò, títí di nǹkan bí oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, kí ó tó pa. Ẹni tó bá hú u síta kí oòrùn pa á ti ṣẹ́gun kí ogun tó dé. Ní ọdún 1977, W. W. Page àti Paul Richards kọ àròkọ nípa gúúsù Nàìjíríà, lórí bí àwọn ará ìlú ṣe lè fi àjùmọ̀ṣe kápá tata.

Àjùmọ̀ṣe yẹn gan-an ni iṣẹ́ ńlá. Ilẹ̀ bàbá kan ló bá tiwa pààlà, ewé Akíntọ́lá sì ti bò ó. Ewé yìí, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, kì í ṣe ewé ìbílẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ti dé Nàìjíríà kí a tó gba òmìnira. Òdòdó rẹ̀ máa ń fa tata mọ́ra, òjìji rẹ̀ sì bá wọn lára mu láti yé sí. Ní oṣù Kẹrin, mo rí wọn níbẹ̀ tí wọ́n ṣùjọ, mo sì ń fi ojú sàmì síbẹ̀ láti ọ̀nà.

Ìyá mi àti èmi lọ bá bàbá. Ìyá mi kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú ìsinmi o. A wá tọrọ àyè láti tú ilẹ̀ abẹ́ igbó yín ni.”

“Kí lo sọ nù síbẹ̀, ìyàwó?”

“Ẹyin ni, bàbá. Ẹyin tata.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò túká. Ó ní òun ti rí ẹni tó tọrọ àyè láti gbẹ́ ilẹ̀, tí ó padà di ẹjọ́ ààlà. Ìyá mi kò jiyàn. Ó ní, “Ẹ wá jókòó tì wá, bàbá. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa fọwọ́ júwe ibi tí a óò dé.”

Ó gbé àga rẹ̀ wá lóòótọ́. Nígbà tí ọkọ́ kọ́kọ́ hú ẹyin jáde, ó na ọwọ́ gbà á, ó tú u wò, ó sì ké sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n mú ọkọ́ wá.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tata kò tán, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó ti àtẹ̀yìnwá, ewé sì wà lórí ẹ̀gẹ́ wa títí òjò fi dé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní New Jersey sọ fún mi pé irú ogun yìí wà lọ́dọ̀ tiwọn. Kòkòrò kan láti Éṣíà, spotted lanternfly, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Pennsylvania ní ọdún 2014, ti tàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun náà fẹ́ràn igi àjèjì kan, ẹyin rẹ̀ ni wọ́n sì ń ha kúrò lára igi àti ògiri ilé kí ó tó pa. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, ní Àkókó àti lókè òkun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko lẹ́yìnkùlé, ẹ ṣọ́ ibi tí tata ń ṣùjọ sí láti oṣù Kẹta, ẹ fi igi sàmì sí i, kí ẹ sì tú u kí òjò tó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú ọkọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ kí aládùúgbò yín. Tata kò mọ ààlà. Ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.