Àjẹ́ Kọ́ Ló Mú Ọ̀bẹ Dání

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, a kò sì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Fíìmù kékeré kan tí àwa àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ṣe ló mú kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà wá bá wa nílé. Wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù tí kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wọn kò sì fẹ́ kó jọ èyí tí à ń wò lórí tẹlifíṣàn. Macbeth, eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1606, ni wọ́n yàn. Nítorí pé wọ́n gbọ́ pé a ka ìwé náà nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ní kí a ṣe alábòójútó. A ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá, a kò mọ kámẹ́rà. Wọ́n ní fóònù ni àwọn yóò fi yà á.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìtàn náà: akọni ajagun ni Macbeth ní ilẹ̀ Scotland. Bí òun àti Banquo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń ti ogun bọ̀, wọ́n pàdé àjẹ́ mẹ́ta. Èkíní kí i ní oyè tó ti ní. Èkejì kí i ní oyè tí kò tíì mọ̀ pé ọba ti fi ta òun lọ́rẹ. Ẹ̀kẹta ní yóò di ọba lọ́la. Ó délé, òun àti aya rẹ̀ gbìmọ̀, ó sì gún Ọba Duncan pa lójú oorun, nígbà tí ọba jẹ́ àlejò nínú ilé rẹ̀.

Ibi tí a ó ti yà á kò fún wa ní wàhálà. Òkúta, òtútù àti kùrukùru kò wọ́n ní Jọ́ọ̀sì. Adágún kan tí àwọn awakùsà tánńganran fi sílẹ̀ lẹ́bàá Bukuru ni a yàn.

Àwọn àjẹ́ ni a kò rí ẹni ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ arúgbó obìnrin mẹ́ta, kí a kùn wọ́n ní ẹfun, kí a fi èékánná gígùn sí wọn lọ́wọ́. A tọ àwọn ìyá ẹgbẹ́ lọ. Ìyá kìíní rẹ́rìn-ín, ó ní òun ní ìyàwó ọmọ nílé. Ìyá kejì bi wá pé ta ni yóò tún jókòó ti òun ní ilé ìjọsìn. Ìyá kẹta, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wò wá títí, ó ní: "Ọmọ mi, ṣé o ti gbàgbé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni?"

A kò lè fèsì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa yìí ń ta èlùbọ́ ní ọjà ńlá Jọ́ọ̀sì, kí iná tó jó ọjà náà ní 2002. Opó ni, kò bímọ. Òun ló san owó ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe fún wa. Ní 1998, ọmọ méjì kú nínú ẹbí láàárín oṣù kan. Ibà ni dókítà pè é, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ní orúkọ mìíràn fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi wá pé, "Ìwọ náà gbà á gbọ́?" A wolẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun nìkan. A kò lé e. A kò sì dá a dúró.

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí eré yìí dáadáa. Ọba James ló wà lórí oyè nígbà tí Shakespeare kọ ọ́. Kó tó di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti jẹ ọba Scotland, ó sì kọ ìwé lórí àjẹ́ ní 1597. Nígbà tó ń mú ìyàwó rẹ̀ bọ̀ láti Dẹ́ńmákì ní 1590, ìjì da ọkọ̀ wọn láàmú lójú òkun. Wọ́n ní àjẹ́ ló rán an. Wọ́n mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè North Berwick. Wọ́n fìyà jẹ Agnes Sampson, agbẹ̀bí àti oníṣègùn, títí ó fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, wọ́n sì pa á ní 1591. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní Scotland láyé ìgbà náà lé ní 3,000, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Oṣù Kẹta ọdún 2022 ni Nicola Sturgeon, olórí ìjọba Scotland nígbà náà, tó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ wọn. Òkú ni wọ́n bẹ̀.

A tún rí i pé àwọn mìíràn ti yí àwọn àjẹ́ yìí padà ṣáájú wa. Kurosawa ará Japan sọ wọ́n di iwin kan ṣoṣo tó ń rànwú, ní 1957. Nínú Maqbool, fíìmù ilẹ̀ Íńdíà tó jáde ní 2003, ọlọ́pàá méjì ni wọ́n. Nítorí náà, àwa náà pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní rí ojú àjẹ́ nínú tiwa.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Macbeth ti ogun dé, ó bẹ̀rẹ̀ létí adágún láti fọ ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ohùn mẹ́ta kí i. Ó wo inú omi, ojú ara rẹ̀ nìkan ló rí. Banquo dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ohùn kan náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìpa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ṣàlàyé èyí fún ìyá kẹta, ó gbà láti yá wa ní ohùn rẹ̀. Òun nìkan ló sọ ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Afẹ́fẹ́ ba ohùn náà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò bínú. Kò halẹ̀, kò sì pa ohùn dà. Ó kí Macbeth bí ìyá ṣe ń kí ọmọ tó ti ogun bọ̀. Kò sí ibì kankan nínú ìkíni náà tí wọ́n ti ní kó pa ọba.

Nígbà tí a fi fíìmù náà han ẹgbẹ́, bàbá kan dìde pẹ̀lú ìbínú, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé kò sí àjẹ́ láyé ni?" A dọ̀bálẹ̀, a ní a kò sọ bẹ́ẹ̀, bàbá, ẹni tó mú ọ̀bẹ dání ni àwa ń bèèrè. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan mi orí.

Ẹ̀yin ẹbí wa, gbogbo wa la ní ìyá arúgbó kan nínú ilé, tàbí ní ìlú. Bí àìsàn bá dé, bí iṣẹ́ bá bọ́, ẹ jẹ́ kí a bi dókítà, kí a sì bi ọwọ́ ara wa, kí a tó bi ìyá náà. Bó bá sì bi wá pé ṣé àwa náà gbà á gbọ́, ẹ má jẹ́ kí a wolẹ̀.

Ní ìparí fíìmù náà, a kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: Fún Àbẹ̀kẹ́. Kí Olódùmarè tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì dárí jì wá. Àmín.